Ohun Tí Yírùnyírùn Ṣe sí Etí Mi, àti Ohun Tí Èmi Ti Ṣe sí Ọmọ Ọlọ́mọ

Ẹni tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé yírùnyírùn ló mú un, tàbí ẹni tí èèyàn rẹ̀ wà ní wọ́ọ̀dù báyìí tí ọrùn rẹ̀ le gbagidi, ìwọ ni mo jókòó kọ èyí sí. Mi ò kọ ọ́ láti dẹ́rù bà ọ́. Ẹ̀rù ti ń bà ọ́ tẹ́lẹ̀, mo mọ̀. Mo kọ ọ́ kí o lè tètè ṣe ohun tó yẹ, kí o sì mọ̀ pé èèyàn lè bọ́ lọ́wọ́ àìsàn yìí kó padà délé, síbẹ̀ kó má jẹ́ ẹni tó jáde nílé lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e lọ.

Àwọn ará Okota mọ̀ mí sí Ìyá Tọ́pẹ́. Ọmọ Èkìtì ni mí, èdè Yorùbá ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìsọlọ̀. Iṣẹ́ oúnjẹ nìyẹn. Iṣẹ́ tí ọkàn mi fẹ́ ni eré orí ìtàgé. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí mo ti wà nínú ẹgbẹ́ kékeré kan tó ń ṣeré ní gbọ̀ngàn kan ní Ire-Akari. Èmi ni wọ́n máa ń fún ní ipa ìyáálé, ipa olorì, ipa obìnrin tó máa bú mọ́ gbogbo ààfin. Ọ̀gá Láńre tó ń darí wa máa ń sọ pé, "Fúnmi ò nílò máìkì. Ẹni tó wà lẹ́nu géètì á gbọ́ ọ." Mo fi ohùn mi yangàn. Ẹ fi èyí sọ́kàn bí mo ṣe ń bá ọ̀rọ̀ mi lọ.

Ọjọ́ Ajé kan ló bẹ̀rẹ̀. Orí ń fọ́ mi. Ta ni orí kì í fọ́ ní Èkó? Mo ra oògùn ibà lọ́dọ̀ oníkẹ́míìsì tó dojú kọ ilé wa, mo lò ó, mo lọ síbi iṣẹ́. Lọ́jọ́ kejì, bí mo ṣe ń kọ̀wé sójú pátákó, ó dà bíi pé oòrùn tó ń gba ojú fèrèsé wọlé ń fi abẹ́rẹ́ gún mi lẹ́yìn ẹyinjú. Lọ́jọ́ kẹta, mo wọ ilé ìwẹ̀, mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ bu omi, ọrùn mi kọ̀. Kì í ṣe pé ó ń dùn mí nìkan o. Ó kọ̀ láti tẹ̀. Àgbọ̀n mi ò lè kan àyà mi. Mo dúró síbẹ̀ níhòòhò, mò ń wo ògiri, ìbẹ̀rù tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀ sì gbà mí lára.

Nígbà tí Tọ́pẹ́, ọmọbìnrin mi, ta kọ́tìnnì yàrá sókè láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin, mo ké bí ẹni tí wọ́n da omi gbígbóná sí lójú. Bàbá Tọ́pẹ́, ọkọ mi, ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iṣẹ́ alẹ́ dé láti ilé iṣẹ́ ńlá tó ti ń tún ẹ̀rọ ṣe. Kò tíì bọ́ bàtà. Ó gbé mi, ó di ilé ìwòsàn ìjọba.

Ẹ̀yin náà mọ ìlà ilé ìwòsàn. Ìlà káàdì wà, ìlà ẹni tó máa wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wà, ìlà dókítà tún wà. Mo gbé orí lé itan ọkọ mi lórí bẹ́ǹṣì onírin, mo fi ìborùn bojú. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pe orúkọ, mo máa ń rò pé inú agbárí mi ni wọ́n ti ń pè é. Ọkọ mi bẹ̀ wọ́n títí, wọ́n ní kó ní sùúrù, pé gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló ń ṣàìsàn. Òótọ́ sì ni. Àfi ìgbà tí nọ́ọ̀sì àgbàlagbà kan ń kọjá tó dúró lọ́dọ̀ wa.

"Mádàámú, ẹ gbìyànjú kí ẹ fi àgbọ̀n kan àyà."

Mo gbìyànjú. Omijé ló jáde.

Obìnrin náà ò tún bi mí ní nǹkan kan. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ ti kẹ̀kẹ́ aláìsàn wá, ó gbé mi kọjá gbogbo ìlà wọlé. Tí mo bá ń ka àwọn tí mo jẹ ní gbèsè ọpẹ́, òun ni ẹni àkọ́kọ́. Mi ò mọ orúkọ rẹ̀ títí dòní.

Dókítà tó yẹ̀ mí wò kéré lọ́jọ́ orí, obìnrin ni. Ó ṣàlàyé fún ọkọ mi pé omi tó yí ọpọlọ ká lòun rò pé àrùn ti wọ̀, pé àwọn máa bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ lójú ẹsẹ̀, àmọ́ àwọn gbọ́dọ̀ fa díẹ̀ nínú omi náà láti ẹ̀yìn mi kí àwọn lè mọ irú èyí tó jẹ́. Ibẹ̀ ni ẹbí ti dá sí i. Àǹtí Bísí, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ti dé. Ó di ẹsẹ̀ ibùsùn mú.

"Wọn ò ní gún un lẹ́yìn! Bàbá Tọ́pẹ́, ẹ fetí sílẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá gún lẹ́yìn kì í fẹsẹ̀ rìn mọ́. Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sọ́dọ̀ wòlíì wa. Ọjọ́ mẹ́ta péré."

Àbúrò bàbá wa náà pè láti Èkìtì. Ó ní kì í ṣe ibà, kì í ṣe yírùnyírùn, pé àwọn tí a jọ ń ṣeré ni wọ́n ń wá ohùn mi. Ó ní àgbo kan wà nílé, pé òun á fi rán awakọ̀. Ọkọ mi dúró láàárín wọn pẹ̀lú bírò lọ́wọ́, kò mọ ibi tó máa kọjú sí. Òun ló sọ gbogbo èyí fún mi lẹ́yìn náà. Ó ní dókítà yẹn kò pariwo, kò sì bínú. Ó kàn ní, "Bàbá, ẹ lè máa jiyàn yìí lọ títí di ìrọ̀lẹ́. Àrùn yẹn ò ní dúró dè yín."

Ọkọ mi fọwọ́ sí ìwé àṣẹ. Wọ́n gún mi lẹ́yìn. Ẹsẹ̀ mi méjèèjì ni mo fi ń rìn títí dòní, kí ẹni tí wọ́n bá ti dẹ́rù bà gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Owó ìtọ́jú náà lọ bí omi, mi ò ní kà á síbí.

Ọjọ́ mẹ́fà ni mi ò mọ ibi tí mo wà. Ohun kan ṣoṣo ni mo rántí. Mo wà lórí ìtàgé nínú òkùnkùn, àwọn èèyàn tí mi ò rí ń pàtẹ́wọ́ fún mi, wọn ò sì dáwọ́ dúró. Mo tẹrí ba, wọ́n ń pa á. Mo ní kó tó, wọ́n ń pa á. Àtẹ́wọ́ náà ń sún mọ́ mi, ó ń wọ inú etí mi, bí ìgbà tí òjò bá ń rọ̀ sórí páànù tí ẹnì kan sì fi orí rẹ mọ́ abẹ́ páànù náà. Mo mọ̀ lójú àlá yẹn pé mo ti gbọ́ àtẹ́wọ́ yìí rí. Mi ò lè rántí ibi tí mo ti gbọ́ ọ.

Nígbà tí mo lajú, etí òsì mi ti di. Kò gbọ́ nǹkan kan. Etí ọ̀tún ni kí ẹ gbọ́ tiẹ̀. Ó ń gbọ́ ohun gbogbo, gbogbo ohun náà sì ń dùn ún. Nọ́ọ̀sì gbé abọ́ irin kan sórí tábìlì, mo gbọ̀n jìnnìjìnnì. Lọ́jọ́ kejì, Àǹtí Bísí mú àwọn ẹlẹ́gbẹ́ àdúrà rẹ̀ wá pẹ̀lú agogo. Bí wọ́n ṣe lu agogo yẹn lẹ́ẹ̀kan, mo ké, mo di etí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í mi ara mi síwá sẹ́yìn. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ẹ rí i? Ẹ̀mí tó wà nínú ẹ̀ ni kò fẹ́ gbọ́ agogo." Wọ́n tún lu agogo náà. Bí nọ́ọ̀sì ò bá lé wọn jáde, mi ò mọ ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má bínú sí ẹ̀gbọ́n mi. Òun náà ló wẹ̀ mí lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìfẹ́ ló fi lu agogo yẹn. Mo kàn ń sọ bó ṣe rí ni.

Mo padà sílé, ilé sì di ọ̀tá. Ṣíbí tó kan àwo ń gún mi. Bí aládùúgbò bá tan jẹnẹrétọ̀, ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù ni wọ́n ti máa bá mi. Àwọn tírélà tó ń bọ̀ láti Ìsọlọ̀ Industrial Estate á ti wà lọ́nà jíjìn, màá ti mọ̀ nínú eyín mi. Ọkọ mi fi epo pa gbogbo ìdè ilẹ̀kùn. Tọ́pẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ jẹ ìrẹsì. Ọmọ náà kì í kọrin nílé mọ́, kò sì sí ẹni tó sọ fún un pé kó má kọrin. Dókítà etí ní kì í ṣe wèrè, pé ọpọlọ mi ló gbàgbé bó ṣe máa ń dín ariwo kù. Ó ní kí n má máa di etí ní gbogbo ìgbà, kí n máa gba ohùn díẹ̀ díẹ̀, kí etí lè tún kọ́ṣẹ́. Àmọ̀ràn gidi ni. Kò rọrùn.

Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn tí mo kúrò ní ilé ìwòsàn, Ọ̀gá Láńre ní kí n wá wo eré tuntun ẹgbẹ́ wa, kí ojú mi kàn tún rí ìtàgé. Mo lọ. Wọ́n pa iná lójijì, gbogbo gbọ̀ngàn ṣú. Lẹ́yìn náà ni sípíkà yìnbọn, iná pupa sì ń tàn ó ń kú, ó ń tàn ó ń kú. Mi ò mọ ìgbà tí mo bọ́ sílẹ̀. Mo rá kọjá láàárín ẹsẹ̀ àwọn èèyàn, mò ń ké, "ùùù, ùùù", kí ohùn ti ara mi lè bo èyí tó kù mọ́lẹ̀. Ẹnì kan pòṣé. Ẹlòmíràn ní, "Ẹ mú ẹni tí orí rẹ̀ dà rú yìí jáde jọ̀ọ́."

Ìgbà tí mo dé ìta tí mo fẹ̀yìn ti ògiri ni mo rántí ibi tí mo ti gbọ́ àtẹ́wọ́ ojú àlá yẹn.

Ní ọdún méjì kí n tó ṣàìsàn, nínú gbọ̀ngàn yẹn kan náà, mò ń ṣe olorì. Ọmọbìnrin kan tó máa tó ogún ọdún jókòó sí iwájú pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Nígbà tí ariwo ogun bẹ̀rẹ̀, ọmọ náà di etí, ó ń mi síwá sẹ́yìn, ó ń ké "ùùù". Àwọn èèyàn ń pòṣé. Mo dá eré dúró. Mo rìn wá sí etí ìtàgé, mo sì fi ohùn olorì sọ̀rọ̀: "Ìyá, ẹ mú ọmọ yín jáde. Tí ẹ bá mọ̀ pé orí rẹ̀ ò pé, kí ló dé tí ẹ fi mú un wá síbi tí àwọn èèyàn gidi ti ń wòran?"

Èèyàn gidi. Ẹnu mi ló ti jáde. Gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́ fún mi. Ìyá náà kúnlẹ̀ láàárín àga méjì, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi, ó sì fa ọmọ rẹ̀ jáde. Mo sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí jù nínú gbogbo ìtàn yìí nìyẹn, ju ọrùn tó le lọ.

Ó tó oṣù kan kí n tó ní ìgboyà láti wá wọn. Ẹni tó ń ṣọ́ gbọ̀ngàn mọ̀ wọ́n. Ó ní Ìyá Mosún ni wọ́n ń pè é, pé aránṣọ ni ní Okota níbí, kò tiẹ̀ jìnnà sí wa. Mo bá a ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ rán etí kọ́tìnnì. Ilé ẹlòmíràn ni ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà, nítorí ariwo rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà," ni mo wí.

Bí mo ṣe la ẹnu tán, mo gbọ́ ọ láti inú yàrá. "Ùùù. Ùùù." Ó ń lọ sókè.

Ìyá Mosún gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. "Ó mọ ohùn yín," ló wí.

Mo kúnlẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀ ní jẹ́jẹ́, mo fi ọwọ́ bo ẹnu kí ohùn mi má bàa wọlé lọ bá ọmọ náà.

"Ẹ dìde," obìnrin náà wí. "Èmi náà kúnlẹ̀ ní gbọ̀ngàn lọ́jọ́ yẹn. Ìkúnlẹ̀ ò tún nǹkan kan ṣe."

Mo sọ fún un nípa àìsàn mi, nípa etí mi, nípa bí mo ṣe rá jáde. Ó gbọ́ mi tán.

"Ẹ pẹ̀lẹ́. Àmọ́ mi ò ṣépè fún yín o. Mo rò pé ohun tí ẹ wá bi mí nìyẹn."

Bẹ́ẹ̀ ni. Ohun tí mo wá bi í nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò sọ ọ́ fún ara mi títí ó fi sọ ọ́. Ojú tì mí.

"Láti ọjọ́ yẹn kò jáde kọjá ẹnu ọ̀nà yìí mọ́," ló wí. "Tẹ́lẹ̀, nítorí yín ló ṣe máa ń jáde. Ó máa ń dúró létí fèrèsé gbọ̀ngàn nígbà tí ẹ bá ń dánra wò, ó máa ń ṣe bí ẹ ṣe ń ṣe. Ohun tó mú mi mú un wá wòran nìyẹn."

Mo bi í pé kí ni ì bá jẹ́ kó ṣeé ṣe fún ọmọ rẹ̀ láti jókòó wo eré dé òpin. Kò ronú rárá. Ó ti ní i nílẹ̀ láti ọjọ́ yẹn wá. "Kí wọ́n má pa iná tán. Kí wọ́n sọ ohun tó máa dún kó tó dún. Kó ríbi sá sí tí kì í ṣe ìta. Kí ẹnikẹ́ni má wò wá."

"Tí a bá ṣe é, ṣé ẹ máa mú un wá?"

"Rárá," ló wí, ó sì mú abẹ́rẹ́ rẹ̀.

Mo gbé ọ̀rọ̀ mẹ́rin yẹn lọ bá Ọ̀gá Láńre. Kò kọ́kọ́ gbà. "Fúnmi, eré tí kò lariwo, tí iná rẹ̀ kì í kú, ṣé eré nìyẹn? Àwọn tó sanwó máa ní a rẹ́ àwọn jẹ." Mo ní kí wọ́n fún mi ní ọ̀sán Sátidé kan péré. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ ti rí mi tí mo ń rá nílẹ̀ nínú gbọ̀ngàn yín. Ṣé ẹ fẹ́ kí n má padà wá mọ́?" Ó ní, "Kí la máa pè é?" Òun náà ló sọ ọ́ ní Eré Pẹ̀lẹ́.

A bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. A ya àwòrán gbọ̀ngàn, ẹnu ọ̀nà, ilé ìtọ̀ àti ojú gbogbo òṣèré pẹ̀lú aṣọ wọn, a fi ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí lórí WhatsApp ṣáájú ọjọ́ eré, kí ohunkóhun má bàa yà wọ́n lẹ́nu. A fi iná gbọ̀ngàn sílẹ̀ ní títàn, a kàn dín in kù. A kó sípíkà kúrò níwájú. Òṣèré kan á gbé pátákó pupa sókè kí ohùn líle tó dún, á kà á láti márùn-ún sí òdo pẹ̀lú ìka, ẹni tó bá fẹ́ di etí á ti di í. A kò lo èéfín, a kò lo lọ́fíńdà. Àga ò fún mọ́ra. Yàrá tí a máa ń kó aṣọ eré sí la sọ di yàrá ìdákẹ́jẹ́ẹ́, a tẹ́ ẹní sí i. Láàárọ̀ ọjọ́ eré, ẹnì kan gbé kọ́tìnnì nípọn mẹ́rin wá fún yàrá náà, ó ní Ìyá Mosún ló ní kí òun gbé e wá. Kò fi ọ̀rọ̀ kankan rán an sí wa.

Èèyàn mẹ́tàdínlógún ló wá. Bàbá kan tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún jókòó sáàárín, ó ń kùn lábẹ́ ètè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí. Kò sẹ́ni tó wẹ̀yìn wò ó. Obìnrin kan dìde lẹ́ẹ̀méje, ó jáde, ó wọlé. Ọmọbìnrin kékeré kan wá fọwọ́ kan aṣọ mi lórí ìtàgé, mo dúró kó fọwọ́ kàn án tán, mo sì bá ọ̀rọ̀ mi lọ. Nígbà tí eré parí, wọn ò pàtẹ́wọ́, a ti sọ fún wọn pé kí wọ́n na ọwọ́ sókè kí wọ́n sì máa jù ú. Mo rí ọwọ́ wọn tó ń mì láìdún. Mo lọ sí ẹ̀yìn ìtàgé, mo sunkún títí ó fi rẹ̀ mí. Mosún ò wá. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, kò tíì wá. N kì í gba àdúgbò wọn kọjá, kí ohùn mi má bàa dé ibẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ ara mi ṣe rí báyìí nìyí. Etí òsì ò ní padà, dókítà ti sọ bẹ́ẹ̀. Etí ọ̀tún ti rọlẹ̀ díẹ̀. Mo lè jókòó nílé ìjọsìn tí mo bá wà lẹ́yìn, mo sì ti padà sẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Àwọn ọjọ́ kan ṣì burú. Ìwọ tí orí ń fọ́, tí ìmọ́lẹ̀ ń gún ẹ lójú, tí ọrùn rẹ kọ̀ tí kò tẹ̀, má lo oògùn ibà dúró de ọ̀la. Lọ lónìí. Tí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ fa omi lẹ́yìn rẹ, gbà. Jẹ́ kí ẹbí gbàdúrà, àmọ́ kí wọ́n gbà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ, ní jẹ́jẹ́. Tí o bá padà sílé tí ayé wá pariwo jù, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ẹ pé ẹ̀mí kan ló wà nínú rẹ.

Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù la ń ṣe Eré Pẹ̀lẹ́. Mo wà nínú rẹ̀. N kì í gbọ́ ẹni tó bá dúró ní òsì mi mọ́, nítorí náà, tó bá kàn mí láti sọ̀rọ̀, ẹni tó bá sún mọ́ mi jù lọ á fọwọ́ kan èjìká mi. Mo máa ń dúró níbẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ yẹn, mi ò mọ ohun tí wọ́n ti sọ lápá òsì, mò ń retí ọwọ́ náà. Nígbà tó bá kàn mí, mo máa ń sọ̀rọ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.